Ta Ni Yóò Gbé Omi fún Alágbàfọ̀?

"Ta ni yóò máa bá yín gbé omi?"

Nọ́ọ̀sì ló bi alágbàfọ̀ ní ìbéèrè yìí, ó sì bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìbéèrè náà ya alágbàfọ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti ń fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ẹnikẹ́ni kò bi í nírú rẹ̀ rí. Òun ló ń pọn omi ara rẹ̀, òun náà ló ń gbé abọ́ aṣọ tútù dé ìdí okùn, tí ọrùn rẹ̀ á sì máa le bí igi.

"Ta ló ń bá mi gbé e tẹ́lẹ̀?" ló fi dá a lóhùn.

"Ohun tí mo ṣe ń béèrè nìyẹn, mà. Ẹ ò ní gbé ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a fẹ́ ṣe fún yín."

Aṣọ funfun àwọn dókítà ló gbé e dé ilé ìwòsàn náà níbẹ̀rẹ̀. Ó kó wọn wá lọ́jọ́ kan, ó rò pé òun yóò gbé ẹrù kalẹ̀ kí òun máa lọ, ni nọ́ọ̀sì yìí bá fà á lọ́wọ́ pé àwọn ń yẹ àwọn obìnrin wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ó kàn jókòó tì wọ́n nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Wọ́n fi fínígà, ọtí kíkan, pa ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀, ibì kan níbẹ̀ sì di funfun. Dókítà, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yá, sọ fún un pé ibi tó di funfun yẹn gan-an ni kò dáa.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wá funfun," ni alágbàfọ̀ wí. "Ìgbà wo ni funfun wá di àbàwọ́n?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran ara ibẹ̀ ló ti ń yí padà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin ló ti kó o rí, ó sì lè sá pamọ́ sára fún ọdún gbọọrọ, nítorí náà kí tọkọtaya má ṣe tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jà. Wọ́n á gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò. Bí etí ohun tí wọ́n gé bá mọ́ yípo, ó parí. Bí kò bá mọ́, wọ́n lè tún un gé.

"Ilé-ọmọ mi ńkọ́?" Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́nà fún èkejì.

"Ó wà níbẹ̀ digbí. Ọjọ́ tí ẹ bá lóyún, ẹ tètè sọ fún wa pé a ti gé nǹkan níbẹ̀ rí, torí ọmọ lè fẹ́ yọjú ṣáájú oṣù rẹ̀. Ó dìgbà tí a bá tún un gé tí kò sì tó, ká tó máa sọ̀rọ̀ pé a ó yọ ilé-ọmọ."

Ohun tó gbé lọ sílé nìyẹn. Bó ń fọṣọ, bó ń jẹun, etí ẹran tí kò fojú rí yẹn ló ń rò.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn gíga, ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí wọ́n ṣe fún un. Irin tí wọ́n fi la ojú ara tutù, ó sì há a mọ́ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ta á bí èèrà, kò pẹ́ tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kì í ṣe ojo ló ń ṣe yín o," ni nọ́ọ̀sì wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Oògùn inú abẹ́rẹ́ ni. Á rọlẹ̀."

Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Okùn irin tín-ín-rín tí wọ́n ká bí òrùka, tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni dókítà fi gé e. Ẹ̀rọ kan ń kùn bó ti ń fa èéfín. Òórùn kan gba yàrá, alágbàfọ̀ sì mọ̀ ọ́n: òórùn aṣọ onírun tí áyọ́ọ̀nù pẹ́ lé lórí.

"Ta ló ń jó nǹkan?"

"Ẹ̀yin ni, mà," ni dókítà fèsì.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó tán lẹ́nu wọn, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n fi oògùn kan tó pọ́n bí ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́.

"Ohun tó máa jáde lójú ara yín á dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí," ni nọ́ọ̀sì ń sọ bó ti ń bá a sọ̀ kalẹ̀, "á wá di omi lásán. Inú lè máa run yín bí ti nǹkan oṣù. Ẹ má ki ohunkóhun bọ ara, bàbá ilé náà á ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn, bí ara yín bá gbóná, bí inú rírun bá kọ oògùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń ya, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀, ẹ máa bọ̀. Páàdì ńkọ́?"

"Èmi tí mo ń fọṣọ? Mo ní aṣọ funfun tó mọ́ ju páàdì lọ."

"Bó bá ti mọ́, tí oòrùn sì pa á, kò burú."

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ká ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ra, ó kọrí sí pálọ̀. "Mo ń rìnrìn àjò nìyẹn," ló wí.

"Ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Onídìrí, ló wá ń gbé omi. Àràárọ̀ ló ń dé kó tó lọ dirun fún àwọn oníbàárà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yín, ẹ ní mo ń dà á sílẹ̀."

"O ṣì ń dà á sílẹ̀ náà. Ìgbà wo lo máa lọ ṣe àyẹ̀wò?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ara mi le koko."

"Ara tèmi náà le."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èépá ojú ọgbẹ́ ṣí, ẹ̀jẹ̀ pupa yọ. Àyà alágbàfọ̀ já. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró de ọkàn rẹ̀. Alágbàfọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ aṣọ. Omi tútù ni a fi ń lé e bá kó tó jókòó. Ó ti ju aṣọ náà sínú abọ́ ńlá, ó ti rún un, ó ti fún un, kó tó rántí pé òun ni ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Bí Onídìrí ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé nìyẹn, ó rí abọ́ omi tó pọ́n kún dé etí.

Ó ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó figbe ta. "Yéè! Gbogbo èyí? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kú o! Mo gbà, mo gbà, màá ṣe àyẹ̀wò yẹn! Ẹ ṣáà má kú!"

Ọkọ sáré jáde tòun ti ìrọ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n gbé alágbàfọ̀ dé ilé ìwòsàn.

"Aṣọ náà dà?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Báwo ni mo ṣe máa wá mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti tó?"

"Ó ti mọ́," ni alágbàfọ̀ wí, pẹ̀lú ìtìjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tijú nítorí aṣọ tó mọ́ rí.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀, ó ti ń dá. Ó fi oògùn kan ibẹ̀. "Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ kékeré á pọ́n omi abọ́ kan, mà. Ọ̀pọ̀ ló ń rí i bí èépá bá ṣí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n rí i."

Títí ọgbẹ́ fi jiná ló ń mú un mọ́ra láti má ṣe fọ aṣọ tó fi ṣe páàdì kó tó wò ó dáadáa. Ó nira fún un ju àìgbé omi lọ.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ló pè é wọlé. "Etí rẹ̀ mọ́ yípo. Kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Bó bá di oṣù mẹ́fà, ẹ padà wá ká tún wò ó." Alágbàfọ̀ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Alágbàfọ̀ jáde, ó ra búrẹ́dì gbígbóná, ó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tí kì í ṣe.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ọkọ gbé ìrọ̀rí rẹ̀ padà. "Àwọn ará ọ̀hún kí ọ," ló wí.

Onídìrí ló kù. Ó ní ẹ̀jẹ́ tí ẹ̀rù jẹ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ́. "Omi abọ́ yín ló tàn mí jẹ."

"Omi tí o pọn fúnra rẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì. Nígbàkigbà tí Onídìrí bá ti wọlé, á gbé abọ́ ńlá náà síwájú rẹ̀, òfìfo, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ kan Onídìrí dé, ó ti wẹ̀, ó ti kunra. "Ẹ dìde, ká lọ. Ẹ gbé abọ́ yẹn kúrò lójú mi."

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, ó yíjú padà. "Bí wọ́n bá wá rí nǹkan ńkọ́? Ta ni yóò gbé omi fún mi?"

"Ta lo rò pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè omi?"

Onídìrí fi gèlè rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó wọlé. Alágbàfọ̀ ká gèlè náà ní eteetí bó ti ń ká aṣọ oníbàárà, ó gbé e lé itan. Àbúrò rẹ̀ ti san ẹ̀jẹ́ tirẹ̀. Gbèsè omi tòun ṣì wà nílẹ̀, ó sì ti ń wo apá ara rẹ̀, bóyá ó ti lágbára tó láti gbé kẹ́ẹ̀gì.