Èéfín Ni Òrùlé Ìyá Mi Ń Jẹ

Níbi ìsìnkú ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba máìkì, ó ní òun lòun tún ilé Ìyá ṣe. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí òkú tó wà nílẹ̀. Mo ti darúgbó báyìí, mi ò dákẹ́ mọ́.

Ilé amọ̀ oníyàrá méjì ni, ní Ìbà. Bàbá ìyá mi ló kọ́ ọ, imọ̀ ògùrọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Bí oòrùn bá ń mú níta, inú ilé á tutù bí inú àmù. Àárín ilé ni ààrò wà, lábẹ́ àjà tí Ìyá ń to ẹja sí. Èéfín á gba àárín ẹja kọjá, á wọnú imọ̀, á sì máa yọ lójú òrùlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ilé ń mí.

Láàárín àwọn ọdún 1980, ẹ̀gbọ́n mi rí ilé gbà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ẹ́sítéètì Ìbà. Láti ìgbà náà ni ilé Ìyá ti ń tì í lójú. Ó ra sítóòfù wá, ó wó ààrò, ó ní kí Ìyá má fi igi dáná nínú ilé mọ́. Òun ni àkọ́bí. Ta ni yóò bá a jiyàn? Kí òjò ọdún kejì tó dá, ikán ti wọ imọ̀, orí ibùsùn Ìyá ti ń jò.

"Ẹ ò rí i, Màámi?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ilé ará oko! Ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Kí n wá máa sùn lókè orí ẹlòmíì?" Ìyá dáhùn. "Èéfín ni òrùlé yìí ń jẹ. Ìwọ lo febi pa á."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá jò wọlé, ẹ mú wọn lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, fi ilé kíkọ́ sílẹ̀ fún ọkùnrin."

Síbẹ̀, ó fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn náà. Gbogbo Sátidé ni mò ń wá láti Òkòkòmáíkò. Àwọn ọkùnrin Ègùn méjì kó imọ̀ tuntun gba ojú omi wá, wọ́n ń dì í láti etí òrùlé lọ sókè. Ìyá jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo sí àwọn tó wà lókè: "Ẹ dì í le dáadáa! Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́ o!" Èmi lọ bu ìgbẹ́ màlúù ní ọjà ẹran Alábà Ràgó; nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ń yẹra fún mi. Mo pò ó mọ́ amọ̀, mo fi ń rẹ́ ògiri. Ìyá ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tí mo bá rẹ́ títí á fi dán. Ọwọ́ wa kò tún sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Lẹ́yìn náà, Ìyá fúnra wọn tún ààrò mọ, wọ́n ki igi tútù bọ̀ ọ́ kí èéfín lè pọ̀. Wọ́n ní òrùlé tuntun dà bí ọmọ tuntun, kò gbọdọ̀ febi sùn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. Ẹ̀gbọ́n mi sáré wá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó jókòó sórí ibùsùn Ìyá, ó gbójú sókè. Òjò ń dà níta; nínú ilé, ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀wà nínú atẹ lọ. Ó ń wá ẹ̀kán omi kan ṣoṣo. Èéfín nìkan ló rí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

"Ó mà ń jò lóòótọ́," Ìyá wí. "Àmọ́ ojú ọmọ mi ló ń jò."

Ẹ̀rín pa òun náà. Ìyá wé ẹja yíyan sínú ewé fún un, ẹ̀gbọ́n mi kò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Abẹ́ òrùlé yẹn ni wọ́n ń sùn, lórí ẹní wọn, títí wọ́n fi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí ti ilé pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó dáná níbẹ̀ mọ́, òrùlé tún jẹrà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá wó o, mo lọ ṣa àfọ́kù ògiri kan. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ṣì ń dán. Ipa ọwọ́ mi wà lára rẹ̀, ti Ìyá wà níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀.