Ọjọ́ Tí Mo Ní Ṣúgà Wà Nínú Ọbẹ̀

Èmi kì í yin oúnjẹ tí kò dára. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ọkọ̀ kó èrò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ títí dé Emùré, àárọ̀ àti alẹ́ nìkan ni mo sì ń jẹun nílé. Tọ̀sán, ilé oúnjẹ ni. Èrò tí ebi bá ń pa nínú ọkọ̀ mi, èmi ló máa bi pé ibo ni kóun ti jẹun, ibi tí mo bá sì dárúkọ ló máa yà sí. Àwọn olóúnjẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jókòó, ẹran tèmi kì í kéré.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tí iyán wọn funfun, tí kò ní kókó kan. Ẹ̀fọ́ wọn ló ń bà mí nínú jẹ́. Epo ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀, èèyàn á máa wá ẹ̀fọ́ kiri. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ni ín, láti ọjọ́ náà ló sì ti jẹ́ pé tó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, á ní, "Uyán ti tán." Irọ́ ni, uyán ò tán. Màá jókòó, á bu tèmi wá, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ìgbín ti Ìgbàrà-Odò ò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bà tí wọ́n ń gbé tì í le bíi bíríkì. Ìyá àgbà kan sì wà ní Ọ̀rùn tó ń fi ẹ̀gúsí se ìsápá. Bí mo bá jẹ ẹ́, ìyá mi ni mo máa ń rántí, omi á sì lé sí mi lójú. Mi ò ní àròyé kankan sí ìyẹn, àfi pé ẹnu ìyá náà kì í sinmi.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ti opó kan ní Emùré. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọbẹ̀ ata tó ń sè: tòmátò ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, á fi tàtàṣé sí i, ata rodo díẹ̀, ẹja gbígbẹ, á wá jẹ́ kó hó títí epo á fi léfòó. Ilé oúnjẹ yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo ju ú lọ dáadáa, ó máa ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi náà á pè é ní Ìyá Oníyán. Èrò tí mo ti ní kó lọ jẹun níbẹ̀ ò lóǹkà.

Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan tó ní oko kòkó wọ ọkọ̀ mi ní Ìsẹ̀, ó jókòó níwájú. Ó ń yọ agbáyun nínú àpò, ó ń nà án sí mi. Ẹni tó bá dàgbà nítòsí oko kòkó mọ̀ ọ́n, èso pupa kékeré tá a máa ń jẹ kí ọsàn kíkan lè dùn lẹ́nu wa. Mò ń wakọ̀, mò ń jẹ ẹ́. Ká tó dé Emùré, mo ti jẹ tó mẹ́wàá. Mo já èrò sílẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Oníyán lọ.

Òkèlè àkọ́kọ́ tí mo gbé mì, mo dáwọ́ dúró. Ọbẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọbẹ̀ ṣe ń dùn. Mo tún tọ́ ọ wò. Ṣúgà ni. Ara mi ò gbà á rárá. Ilé sì kún lọ́jọ́ náà. Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Ìyá Oníyán, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣúgà sọ́bẹ̀? Ṣé ọbẹ̀ lo sè ni, àbí tíì?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, kò sí ṣúgà nílé yìí." Mo ní ahọ́n mi kì í parọ́. Ẹ sì wá wo èèyàn: ọkùnrin kan tó ti ń jẹ tiẹ̀ bọ̀ láìsọ nǹkan kan, ó mi orí, ó lóun náà ti ń fura. Mo fi iyán sílẹ̀, mo jáde.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti panu mọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú ló ń bí mi, bí ẹni tí wọ́n dà. Nígbà tí mo dé gáréèjì, mo sọ ọ́ di àpárá, mo pè é ní Ìyá Oníṣúgà, àwọn awakọ̀ sì gbé orúkọ náà kiri. Èrò tó bá bi mí, mo máa ń júwe ibòmíràn fún un. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án, àga lófìfo ni mò ń rí. Mo ní ó tọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Àgbẹ̀ yẹn tún wọ ọkọ̀ mi, ó tún fún mi ní agbáyun, mò ń jẹ ẹ́ títí mo fi délé. Ìyàwó mi gbé ògì gbígbóná fún mi. Mo mu ún, mo ní, "Ṣúgà yìí ti pọ̀ jù." Ó wò mí, ó ní, "Dádì, ṣúgà náà rèé lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fi sí i."

Mo rọra gbé ife sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé agbáyun máa ń sọ kíkan di dídùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọsàn nìkan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mi ò ronú kàn án rí pé tòmátò náà ń kan. Ojú tì mí débi pé mi ò lè mu ògì náà tán.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kọ́kọ́ dúró láàárín gáréèjì, mo sọ fún àwọn awakọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi, kò sí ṣúgà kankan nínú ọbẹ̀ obìnrin yẹn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà á. Mo wá lọ sí Emùré. Mo ṣí fìlà, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ti múra pé á bú mi, mo sì fẹ́ kó bú mi.

Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́ ni. Mo ní ẹni tó ń jẹun kárí ìlú ò lè ṣì í, pé ahọ́n tèmi ló bàjẹ́. Mi ò fi tòmátò sọ́bẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, mo rò pé òun ló ń dùn bíi ṣúgà. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi yìí ni mo máa ń pè kó bá mi tọ́ ọ wò kí n tó gbé e síta." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Obìnrin tó ti ń se ọbẹ̀ láti kékeré! Mo ti rò pé oníbàárà nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó se ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo jókòó tì í títí tòmátò fi hó gbẹ, tí epo léfòó. Ó bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ó gbé e wá bá mi. Mo ní mi ò ní í tọ́ ọ wò. Aránṣọ ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ òun náà pé kó má wọlé. Ìyá Oníyán dúró pẹ́ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó ń wò mí, lẹ́yìn náà ló fi kan ẹnu ara rẹ̀, ó dijú.

"Iyọ̀ ẹ̀ ò tíì tó," ó ní, ó sì yíjú padà sídìí ààrò láìbi mí léèrè.