Irin Ìdìmú Ṣọ́ọ̀ṣì

Lọ́jọ́ ọjà ní Ìjerò, ọkùnrin tó ń ta ẹrù òkìrìkà to pátákó síkéètì mẹ́ta síwájú mi lórí tapólì, ó ní, "Àǹtí, ọmọ yín ti tó ọmọ ọdún mélòó?"

Mo ní kò sí ọmọ kankan níbẹ̀, èmi alára ni mo fẹ́ gùn ún. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo téèpù tó wà lọ́rùn mi, nítorí pé télọ̀ ni mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun sí mi. Mo ní kó rẹ́rìn-ín títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó ṣáà jẹ́ kí n mú èyí tó wù mí.

Ẹni tí kò bá tíì rí síkéètì rí, pátákó pẹlẹbẹ kan ni tó ní táyà kéékèèké lábẹ́. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni kí n fò gun orí irin tí wọ́n ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, kí ikùn pátákó náà máa yọ̀ lórí irin títí n óo fi dé ìsàlẹ̀. Èyí tí mo gbé bọ̀ láti Ìbàdàn ti kán, ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ́jà.

Ọkùnrin náà fẹ́ kí n gbé èyí tó gùn jù. Òótọ́ ni pé ó dùn-ún wò, yóò sì dára fún ẹni tó bá fẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n, bí àwọn ọlọ́kadà bá lè yà fún un. Àmọ́ lórí irin, wàhálà ni. Kó tó yí, o ti ṣubú. Èkejì kúrú, ó sì tún tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e ní ìbú, ọmọ ìka mi yọ síwájú, gìgísẹ̀ mi yọ sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni mo fi téèpù wọ̀n. Fífẹ̀ rẹ̀ gba bàtà mi rẹ́gí. Mo dà á dojú bolẹ̀. Àyè tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn tó kí irin jókòó síbẹ̀ láìkan táyà kankan, ikùn rẹ̀ ń dán, kò sì sán. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti họ, ìyẹn ò kàn mí. Èmi tí kì í gé aṣọ oníbàárà láìwọ̀n ọ́n, ṣé ojú lásán ni n óo fi ra ohun tí yóò gbé ara mi?

Ní Ayétòrò níbi tí èmi àti ìyá mi ń gbé, irin kan ṣoṣo ni mo rí tó gún, tó lágbára, tó sì rọra ń sọ̀kalẹ̀: irin ìdìmú àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo gbé pátákó mi lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Irin náà ti dípẹtà, kò yọ̀ rárá. Ní Ìbàdàn, àbẹ́là la máa ń fi pa irin kó lè yọ̀, ṣùgbọ́n ta ló tún ń ra àbẹ́là nígbà tí iná oníbátìrì ti wà? Iṣu sísun àti epo pupa ni mo gbé dání láti jẹ. Mo fi epo náà kun irin láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yọ̀ bí ọṣẹ. Mo gùn ún títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣu tó kù já bọ́ sí ìdí irin náà, mi ò tilẹ̀ mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ dúró síta. Epo pupa lára irin, iṣu sísun nídìí rẹ̀! Kò sí ẹni tó dàgbà ládùúgbò wa tí kò mọ ẹni tó ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ilé bàbá àgbàlagbà kan ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé tó ṣì ń bọ Ògún. Wọ́n ní bàbá náà ló wá rúbọ sí ẹnu ọ̀nà Ọlọ́run. Nígbà tí èmi àti ìyá mi dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàmùgbàmù.

Inú bí mi. Mo pariwo pé, "Èmi ni mo fi epo kùn ún! Ẹ fi bàbá sílẹ̀!"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé àbẹ́là la fi ń pa irin kí pátákó lè yọ̀ lórí rẹ̀, pé epo ni mo rí lò. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ pátákó mi ni ìbínú wọn yí sí. Bàbá Ìjọ ní kí àgbàlagbà obìnrin bíi tèmi lọ wá ọkọ fẹ́. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé pátákó náà wá kí wọ́n dáná sun ún, kí n sì ṣèlérí pé mi ò ní gùn ún mọ́ láéláé. Ìyá mi, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún pẹpẹ ṣe, ń fa aṣọ mi.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Kúnlẹ̀ k'á lọ ulé."

Mi ò kúnlẹ̀. Mo ní n óo fọ epo náà kúrò, n óo sì bẹ bàbá tí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé pátákó mi fún ẹnikẹ́ni sun. Mo sáré lọ sílé, mo gbé e dé. Mo ká ìró léèsì mi sókè, mo fò gun irin náà lójú gbogbo wọn, mo yọ̀ dé ìsàlẹ̀, mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin pàtẹ́wọ́, ó sì tètè ká ọwọ́ kò.

Mo ní, "Tí ẹ bá fẹ́ sun ún, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn."

Wọn ò sun ún. Irin náà ni wọ́n ní kí wẹ́dà gé kúrò, wọ́n sì jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Títí di òní, àwọn ìyá àgbà ń fi ọwọ́ gbá ògiri mú gun àtẹ̀gùn, nítorí kí èmi má baà rí irin gùn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ìbínú ni.

Bàbá tó ń bọ Ògún ló lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní irin náà. Ó rì í mọ́ iwájú ilé rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ó ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "A éè sọ urin nù nulé yìí. Wá wọ̀n ọ́n wò, ṣé gíga rẹ̀ tó?"

Mo fa téèpù yọ, mo wọ̀n ọ́n. Ó tó.

"Ṣùgbọ́n mọ́ fi epo kùn ún mọ́ o," ó ní. "Bí mo bá fẹ́ bọ Ògún, mo mọ̀ ọ́n bọ."

Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni mo ti ń gùn ún nírọ̀lẹ́. Irin gbígbẹ ń ha ikùn pátákó mi, mo sì ń gùn ún bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò dárúkọ pátákó náà nínú ilé mọ́, bí mo bá gbé e jáde, á wo ibòmíràn. Títí di Sátidé kan, nígbà tí ìyá mi ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ tún pẹpẹ ṣe. Ó gba iwájú ilé bàbá kọjá níbi tí mo ti ń gùn ún, ó dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wá tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú kùkùté àbẹ́là jáde.

"Ọ̀n fẹ́ dà á nù ni," ó ní.

Mo na ọwọ́ láti gbà á, kò fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fi àbẹ́là pẹpẹ náà pa irin, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni ń lọ aṣọ, títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà bàbá, ó sì kọjú sí mi.

"Ó yá," ó ní. "Gùn ún kí n rí i."