Orí Ìwé Tí Mo Gé Sọnù

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé orí ìwé sọnù, mo sì gbọ́n gan-an lójú ara mi nígbà náà. Àwọn ọdún 1990 ti ń lọ sópin, mo jẹ́ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlá. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ló ń bá mi gba ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ lójoojúmọ́ láti ọsibítù ní ìlú òyìnbó, á fi díìsìkì rán an sí mi. Orí máa ń wà lókè irú ìwé bẹ́ẹ̀: bó ṣe gùn tó, ọjọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ìlà kan á ṣófo, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ètò mi á wá ìlà òfìfo yẹn, á sọ gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ nù. Kí ni bàbá mi fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Bàbá mi, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀rà, ló ń ka ìwé náà fún gbogbo ilé bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Èyí tó dé kẹ́yìn kúrú: "Wọ́n ti parí iṣẹ́ abẹ náà, mo sì ti jí. Ẹ bá mi dúpẹ́." Bàbá ra àgbò, ó sì sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé a ó ṣe ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè.

Ní Sátidé, mo tún ètò náà kọ kó lè máa ka orí, mo fi díìsìkì tó dé kẹ́yìn yẹn dán an wò. Orí ìwé náà sọ pé lẹ́tà ẹgbẹ̀rún kan ó lé ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Tiwa kò tó ọgọ́rùn-ún. Ìlà tẹlifóònù tí ọ̀rẹ́ mi fi ń gba ìwé ló já ní Ìbàdàn kó tó gbà á tán, ó sì já níbi tí gbólóhùn parí sí, ìdí nìyẹn tí a kò fi fura. Ẹ̀rù bà mí. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rà.

Bàbá gbọ́ mi tán, kò bínú. Ó gbé ìwé náà jáde, ó wá bírò.

"Mo ti ka iye lẹ́tà rẹ̀, sà," ni mo wí.

"Jẹ́ kí n kà á."

Ó ń fi bírò tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Ọjọ́ wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Mo ti ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn láti Ìlá. "Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi fi máa gbà á, sà, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ti fọwọ́ kàn án."

Bàbá dé bírò rẹ̀. Ó ní kí n lọ tú àgbò náà sílẹ̀, a ò ní ṣe ìdúpẹ́ lọ́la mọ́.