Odó Inú Búùtù Mọ́tò Wa

Ọjọ́ tí bàbá mi gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Sharjah, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lórí ilẹ̀ tó ń dán bí dígí, níwájú gbogbo ayé. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan rò pé ó dákú ni. Ó sáré gbé omi wá, ó ń pariwo pé kí a fún un láyè kó lè mí. Bàbá mi ò tilẹ̀ wo ẹni náà. Wọ́n dúró, wọ́n gba ìkíni àna wọn tán pátápátá, wọ́n fọwọ́ kàn án léjìká pé kó dìde. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú sí ẹlẹ́mìí àánú yẹn, wọ́n gba omi ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì mu ún. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn pé ọkọ mi nìyẹn, pé ṣúùtù tó fi ń ṣiṣẹ́ ní Dubai kò tíì mú un gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ìyàwó.

Ẹ̀rín yẹn ò kúkú pẹ́ lẹ́nu mi. Iṣẹ́ ni wọ́n rán bàbá mi. Orúnkún ò jẹ́ kí Màámi lè rìnrìn àjò, wọ́n wá ní kí Bàámi lọ bá àwọn wò ó bóyá ọmọ àwọn ní ilé tàbí kò ní. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó ni Bàámi ò ti fẹ́ kí a lọ. Wọ́n ti ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wa lẹ́yìnkùlé wọn ní Èkìtì, wọn ò sì jẹ́ kí Màámi fi nǹkan kan kàn án, bó ti wù kí Màámi bẹ̀ tó pé àwọn fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Wọ́n ní bí àwọn bá dé Sharjah tí àwọn rí i pé ńṣe ni a kàn ń wọ̀ síbẹ̀, àwọn á sọ ọ́ lẹ́nu ara àwọn pé kí a kó ẹrù wálé kí ọdún tó parí. Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà, bí mo ṣe lágídí tó, n kò tíì rí ọjọ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ tí ara tù mí.

Ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ fi mọ̀. Nígbà ìgbéyàwó wa, odó ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Àwọn fúnra wọn ló wá igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe ọmọ odó méjì mọ́ ọn, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ nítorí pé ọkọ mi ga jù mí. Wọ́n ní ibi tí a bá gbé odó náà kalẹ̀ sí ni àwọn á mọ̀ sí ilé wa. A kó aṣọ sínú rẹ̀, a gbé e wọ bàálù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a dé fúláàtì wa ní Al Qasimia, a gún iyán. Àjà kẹrin ni a wà. Àṣé ohun tó jẹ́ iyán lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ mímì ni lọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Iyán ò tíì kúnná tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan, ará Íjíbítì, tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú máígáàdì ilé. Ọkọ mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti làágùn, ọmọ odó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wá mi, nígbà tó rí mi ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wú. Ó rò pé èmi ni wọ́n ń lù. Mo fà á wọ ilé ìdáná, mo fi odó hàn án, mo bu iyán fún un. Ó jẹ ẹ́, ó gbá mi mọ́ra, a sì ti di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n máígáàdì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Khalas, madam," pé ohùn yìí ò gbọdọ̀ dún nínú ilé náà mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá gba kámú, kó lọ ra ìyẹ̀fun inú páálí. Èmi kọ́. Iyán loúnjẹ, bí wọ́n ti ń wí. Láti ìgbà náà, tí otútù bá ti ń palẹ̀ mọ́ tí ooru kò sì tíì dé, tí ọjọ́ ìsinmi èmi àti ọkọ mi bá papọ̀, a ó gbé odó sínú búùtù, a ó gbé sítóòfù kékeré àti iṣu, a ó kọrí sí aṣálẹ̀ níbi tí àwọn ìdílé ti máa ń pàgọ́ ṣeré. Ibẹ̀ ni a ti ń gún un. Kò sí máígáàdì, kò sí àjà kẹta. Tí a bá padà dé, odó á lọ jókòó sí bálíkónì, nítorí pé fúláàtì wa ò fẹ̀, pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń fún aṣọ lórí okùn á sì wọ inú rẹ̀. Ohun tó bá gba àyè nílé wa, ó gbọ́dọ̀ gba ẹrù.

Ní ọjọ́ kejì tí Bàámi dé, wọ́n jáde sí bálíkónì láti gba atẹ́gùn, wọ́n sì rí odó wọn. Pẹ́ẹ̀gì ló kún inú rẹ̀, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n dá a padà. Wọ́n kàn padà wọlé. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló burú.

Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn ìyẹn ò tù wọ́n nínú. Ọkọ mi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nítorí pé ọ̀nà Sharjah sí Dubai láàárọ̀, Ọlọ́run ló mọ ohun tó fi ń dán wa wò níbẹ̀. Èmi máa ń lọ síléèwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Al Majaz lọ́sàn-án, bí mo bá sì máa fi dé, ó ti sùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń bu oúnjẹ ẹnì kejì pamọ́. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń lọ aṣọ tí ẹnì kejì máa wọ̀ síbi iṣẹ́. Ìfẹ́ wa nìyẹn, ó wà nínú abọ́ tí a dé lórí, ó wà nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn nìkan ni Bàámi ń rí láti orí àga wọn: ó ṣí, ó pa dé, ó ṣí, ó pa dé.

Mo ń múra ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ayálégbé méjì ni wọ́n, ìyá wọn. Ọ̀kan ń wọlé, ọ̀kan ń jáde. Odó tí mo gbé fún wọn, pẹ́ẹ̀gì aṣọ ni wọ́n kó sí i. N ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó máa bọ̀."

Inú bí mi débi pé bàtà ọ̀tún ni mo ń fi ẹsẹ̀ òsì wọ̀. Wọ́n ní ìbínú kì í ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Èmi ò bá baba yẹn tan lọ́jọ́ náà. Èmi, ayálégbé? Nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi rán kọ́tìnnì rẹ̀? Ọkọ mi ní òun á ṣàlàyé fún wọn, pé òun á sọ fún wọn pé a ń gbé odó náà jáde. Mo ní kò gbọdọ̀ lanu.

"Àlàyé kọ́ ni wọ́n ń jẹ," ni mo wí. "Iyán ni wọ́n ń jẹ."

Ọkọ mi yà ní Deira ní Dubai lọ́jọ́ kejì, ó ra iṣu lọ́dọ̀ àwọn ará wa tó ń tà á níbẹ̀. Bàámi fi ìka kan iṣu náà, wọ́n fetí sí i, wọ́n ní iṣu yìí ti rìn ju àwọn lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi wa pé, a da àwọn pẹ́ẹ̀gì sínú ọ̀rá, ọkọ mi gbé odó wọ lífítì, a ní kí Bàámi jẹ́ ká jáde. Wọ́n béèrè ibi tí à ń gbé odó lọ. Mo ní a kàn ń lọ ṣeré ni.

Òjò ti rọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, koríko tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti yọrí nínú iyanrìn lẹ́bàá àwọn òkè. Atẹ́gùn tutù. Ràkúnmí kan dá dúró létí ọ̀nà, ó gbé orí sókè, ó ń fojú tín-ín-rín wo mọ́tò wa. Bàámi wò ó títí a fi kọjá, wọ́n ní ẹran yìí gbéraga, pé ó jọ mí. Ìyẹn ni àkọ́kọ́ ìgbà tí wọ́n máa bá mi ṣeré láti ìgbà tí wọ́n ti rí pẹ́ẹ̀gì.

A tẹ́ ẹní, a gbé iṣu kaná. Ọbẹ̀ ti wà nínú kúlà láti ilé. Bàámi jókòó sórí àga, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Nígbà tí iṣu jinná, a kó o sínú odó. Ọkọ mi mú ọmọ odó gígùn, mo mú kúkúrú, a kọjú síra wa.

Àfi gbà! Ọmọ odó lu ọmọ odó. A tún gbé wọn sókè, wọ́n tún lu ara wọn, iṣu kan ta bọ́ sórí ẹní. Látọjọ́ tí a ti ń gún iyán ní aṣálẹ̀, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ojú tì mí, ara mi gbóná. Mo wo Bàámi, mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọkọ mi ò wo odó, kò sì wo èmi. Bàámi ló ń wò.

Mo ní, "Ọkọ mi, má wo Bàbá. Èmi ni kí o wò."

Ó wò mí. Ó mí kanlẹ̀. Tiẹ̀ lọ sókè, tèmi sọ̀kalẹ̀. Tèmi lọ sókè, tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì. Ọ̀kan ń wọlé, ọ̀kan ń jáde, wọn ò sì kan ara wọn. A ò sọ̀rọ̀, a ò kà á. Bí ó bá fẹ́ sinmi, èjìká rẹ̀ á ti sọ fún mi. Ọdún méjì tí ọ̀nà Dubai àti iṣẹ́ alẹ́ ti ń pín wa níyà, ibí yìí ni a ti ń pàdé.

Bàámi dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá wa dúró. Wọ́n ká apá aṣọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi. Wọ́n rí kókó iṣu kan tí kò tíì fọ́. Wọn ò ní kí a dúró. Wọ́n na ọwọ́ sínú odó, láàárín tiẹ̀ àti tèmi, wọ́n ṣa kókó náà jáde. Wọ́n tún na ọwọ́ náà, wọ́n ṣa òmíràn. Ọkàn mi fò, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò fò. A ò dẹ̀ ẹ́, a ò yára. Bàbá mi gbé ọwọ́ wọn lé wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, títí iyán fi kúnná tó funfun láúláú.

Ìdílé Lárúbáwá kan pàgọ́ nítòsí wa. Ohùn odó ti gbé bàbá àgbà wọn dìde, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé kọfí àti dàbínù wá. Ọmọ náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, igi ni ìyá òun fi ń lu àlìkámà àti ẹran pọ̀ nínú ìkòkò títí á fi kúnná, pé òun ò gbọ́ irú ohùn yìí mọ́ láti ìgbà náà. A bu iyán fún un. Ó jẹ, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Bàámi na ìka sí èmi àti ọkọ mi. Wọ́n ní kí ọmọ náà sọ fún un pé àwọn ọmọ àwọn ló gún un. Àwọn ọmọ àwọn, wọn ò pe ọkọ mi ní àna. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì rí i pé ọkọ mi náà gbọ́, nítorí pé ó kàn ń jẹ iyán láìfi kan ọbẹ̀.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a délé. Bàámi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé odó. Àwọn fúnra wọn ló gbé e, láti inú búùtù dé inú lífítì, láti inú lífítì dé bálíkónì. Wọ́n nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n gbé e sí àyè rẹ̀. Wọ́n wá bojú wẹ̀yìn.

"Pẹ́ẹ̀gì yín dà?"

Mo gbé ọ̀rá náà wá. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ padà sínú odó, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó lè dọ́gba. Wọ́n fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n pe Màámi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò purọ́, mo fẹ́ gbọ́.

"Ìyá wọn," ni wọ́n wí, "ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, máa gbin ẹ̀gẹ́ rẹ sí i. Àwọn ọmọ wà nílé wọn."