Pẹ̀lẹ́ mẹ́tàlélógójì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán tán ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gbé àwo ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀, nǹkan kan sì já ní ìbàdí mi. N kò gbọ́ ìró kankan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó já. N kò lè nàró, n kò sì lè jókòó. Mo wà ní ìdajì bẹ́ẹ̀, mo ń wo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bí ó ti ń tutù, òógùn ń kán láti imú mi sórí àwo. Ọkọ mi gbọ́ igbe mi, ó sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

“Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ṣadé! Má mira rárá!”

Pẹ̀lẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì níbí. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi. Ẹnu mi mú díẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi lè jẹ́rìí sí i, n kò sì fẹ́ràn kí ara máa ṣe mí. Dókítà ní iṣan ẹ̀yìn mi ló fà ya díẹ̀, pé bí mo bá sinmi, tí mo sì lo oògùn, yóò jiná. Mo sinmi. Mo lo oògùn. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́sàn-án.

Ìrora náà kì í dúró síbì kan. Bí mo bá jí, á wà ní ìbàdí. Kí n tó kọ ojú pátákó kan tán, á ti sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Bí mo bá ti gbọ́ agogo ilé ẹ̀kọ́, ọkàn mi á já, nítorí pé mo mọ̀ pé mo ní láti dìde. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá bàtà láì bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù títí mo fi mọ bẹ́ǹṣì tó ń mì àti èyí tí kì í mì. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun mi, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ksíréè. Egungun kò ṣẹ́, kò sì yẹ̀.

Nínú ilé, ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbé garawa, kò jẹ́ kí n gbálẹ̀. Kí n tó gbé ìdí kúrò lórí àga, á ti ní, “Pẹ̀lẹ́.” Bí mo bá dìde ní kíláàsì, ogójì ọmọ á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà!” Ìyá aláta kan l'Ọ́jà Ọba á ti rí mi lókèèrè, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí tirẹ̀, á fajú ro. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà. Ẹ lọ ulé, ẹ lọ sùn.” N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n kẹ́ òun?

Nígbà tí Ṣadé, àkọ́bí mi, dé láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìgbẹ̀mọ, tó sọ fún wa pé òun ti lóyún oṣù mẹ́rin, ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń retí oyún yẹn. Ní tiwa, ìyá tó bí ìyàwó ló sábà máa ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Á jókòó lórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, á sì fà á lápá, fà á lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi tí n kò lè wọ bàtà ara mi! Ìyá ọkọ Ṣadé tó sìn ín wá di ọwọ́ mi mú. “Ẹ má jẹ́ kó ká yín lára, àna mi. Èmi á wẹ̀ ẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo padà sí ọsibítù pẹ̀lú ìbínú, ọkọ mi sì tẹ̀ lé mi. Dókítà ní ibi tó ya nínú iṣan náà ti jiná tipẹ́.

“Ṣé irọ́ ni mò ń pa nígbà náà, dókítà?”

Ó ní rárá, ó sì fi wá ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Ṣóbándé, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó máa ń wá sí ọsibítù náà ní Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi ìdárayá àti mímí tọ́jú ara tó ń ro ni. Mo rò pé yóò bi mí léèrè àṣírí inú mi, bóyá ọkọ mi ń nà mí ni. Mo ti múra láti bá a jà, nítorí n kò ní àṣírí kankan. Kò bi mí.

“Ìrora yín kì í ṣe irọ́, mà,” ó ní. “Ẹ ti sin ajá rí? Bí olè bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ajá lè bẹ̀rẹ̀ sí gbó kódà bí onílé ló ń bọ̀. Gbígbó yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n olè ti lọ.”

Ó ṣàlàyé pé ọpọlọ ló ń mú kí ara ro wá kí a má baà pa ara wa lára. Nígbà mìíràn, bí ọgbẹ́ bá jiná tán, ọpọlọ á ṣì máa ṣọ́ ibẹ̀. Bí a bá ń bẹ̀rù, iṣan á le, yóò sì máa ro wá sí i. Ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí.

“Ẹ dìde, mà.”

“Pẹ̀lẹ́!” ni ọkọ mi ké láti ẹnu ọ̀nà. Ìbàdí mi le gbagidi, mo sì di tábìlì mú.

Ìyáàfin Ṣóbándé wò ó, ó wò mí. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ síta, ó ní kí n tún jókòó, kí n mí jáde, kí n tún dìde. Ó ro mí, àmọ́ mo dìde láì di tábìlì mú. Ó wá fún mi níṣẹ́ ṣe nílé: kí n máa ju ẹ̀wà kan sínú abọ́ fún gbogbo pẹ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

Ní ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀wà ti pé mẹ́tàlélógójì. Mo dà á sórí tábìlì níwájú ọkọ mi. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé èmi ni mò ń dá ọ lóró, Ìyá Ṣadé?”

Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo pẹ̀lẹ́ tó ń sọ, ara mi ń gbọ́ ọ bí ẹni pé olè tún ti wọlé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló bi Ìyáàfin Ṣóbándé léèrè. “Kí ni kí n wá máa sọ? N kò lè máa wò ó bí igi.”

“Kí lẹ máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, sà?”

“Kú iṣẹ́.”

“Ẹ máa sọ ìyẹn.”

Láàárọ̀, mo máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní, màá gbé ọwọ́ lé ikùn, màá mí sínú, màá sì mí jáde pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, màá wá sọ fún ìbàdí mi pé kò séwu. Ojú tì mí, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà màá bẹ̀rẹ̀ kan àga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ kan àpótí. Nígbà tó yá mo fi aṣọ di iṣu kan, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ojúgun, mo sì ń wẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi dúró tì mí, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rù. “Pẹ̀...” Ó gbé e mì. “Kú iṣẹ́ o, Ìyá Ṣadé. Ọmọ yìí mà jọ ọ́ o.” Ọjọ́ kẹta a gún ọmọ náà níyán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ìrora náà padà tagbáratagbára. Mo wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, mo búra pé n kò ṣe mọ́. Ó ku oṣù méjì kí Ṣadé bímọ. Ìyáàfin Ṣóbándé yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí ohun tó já. “Ẹ dín in kù, mà, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró.” Mo bínú sí i dé ilé. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré.

Wọ́n ránṣẹ́ pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìgbẹ̀mọ, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo mọ̀ ní ìbàdí. Ọmọbìnrin ni Ṣadé bí, kò wúwo tó iṣu mi. Mo jókòó lórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lójúgun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi. Ìrora dé. Ọwọ́ mi dúró lókè abọ́, Ṣadé dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, àna mi sì la ẹnu.

“Ẹ pẹ̀...”

“Kú iṣẹ́ o, Ìyá Ṣadé!” Ọkọ mi ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo mí jáde. Mo bu omi. Mo wẹ ọmọ-ọmọ mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ké, èmi náà ń ké. Ìgbà tí mo ń fi aṣọ nù ún ni àna mi rọra sọ ọ́: “Ẹ kú uṣẹ́ o.”

Ẹ̀yin tí irú èyí bá ń ṣe, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò ná, nítorí nígbà mìíràn olè ṣì wà nínú ilé. Ìbàdí mi ṣì máa ń ro mí nígbà ọyẹ́. N kò bá a jà mọ́. Ṣe ló ń ṣọ́ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ní kí n ka ẹ̀wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti lọ́wọ́ ọkùnrin tó kọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ kan mì nítorí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà tó ti ń rìn káàkiri ṣubú lójúde wa. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò wá, kò sunkún. Ọkọ mi fò dìde.

“Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi!”

Ọmọ bú sẹ́kún. Ọkọ mi wo ojú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo dìde lórí àga mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbé e.