Máté Tó Gba Mínírà Lẹ́nu Mi

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Houston láàárín àwọn ọdún 1980, mínírà ni mo fi ń gbé ayé mi. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láàárín ẹnu ọ̀nà àti mọ́tò ni òógùn ti máa ń bo èèyàn. Ọkọ mi wà ní yunifásítì, èmi ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní daycare kan. Ìgò mínírà ńlá tí odindi ìdílé lè mu, èmi nìkan ni mo máa ń dá a mu.

Nígbà tó yá, àárẹ̀ dé. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ṣúgà inú rẹ̀ ti ń kọjá ààlà.

"Àtọ̀gbẹ kò tíì mú yín," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà yín."

Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá bàbá mi. Mo sunkún nínú mọ́tò kí n tó lè wà á délé.

Obìnrin àgbàlagbà kan láti Argentina ló ń gbé àpátímẹ́ǹtì tó kọjú sí tiwa. Òyìnbó rẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n a máa ń kí ara wa. Ó rí ojú mi lọ́jọ́ náà, ó fà mí wọlé. Ó da ewé gbígbẹ kan tó ń jẹ́ máté sínú igbá kékeré tí kò ju àdó lọ, ó ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń fà á mu bọ̀ ọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ ní ihò wínníwínní bí asẹ́. Ó gbé omi kaná, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó hó.

"Omi híhó ń ba ewé jẹ́," ó ní, "ó sì ń bó ọ̀nà ọ̀fun."

Ó mu tirẹ̀ tán, ó bu omi mìíràn sí i, ó gbé e fún mi. Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀! Síbẹ̀, ọmọ tí a kọ́ nílé ni mí. Mo tẹ orúnkún, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ó gba igbá, kò fún mi mọ́, òun nìkan ló ń mu lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà mìíràn tí mo tún lọ. Mo rò pé ahun ni, títí mo fi bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá dúpẹ́ ti yó nìyẹn!

"Má dúpẹ́," ó ní. "Mu!"

Kí ọmọ Yorùbá gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kó má dúpẹ́! Mo fi eyín tẹ ètè mi, mo mu.

Inú ọkọ mi kò dùn sí i. "Ìwọ àti màmá yẹn lẹ jọ ń fẹnu kan ọ̀pá kan náà? Àgbo wo nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ ná," mo dá a lóhùn. "Ṣé mínírà ló sàn jù ú lọ ni?"

Ó mi orí, ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Máté a máa la ojú èèyàn bíi kọfí. Ìgbà tí mo mu ún lálẹ́, n kò fojú kan oorun, ni mo bá sọ ọ́ di ti àárọ̀. Ìkorò rẹ̀ wá mọ́ mi lẹ́nu débi pé adùn mínírà ń rí mi lára. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti màmá a jọ rìn yí àdúgbò ká.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó wo èsì àyẹ̀wò, ó tún un wò. Ṣúgà ti padà síbi tó yẹ.

"Kí lẹ ṣe?"

Mo ròyìn máté fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe iṣẹ́ ewé yẹn. Mínírà tí ẹ fi sílẹ̀ àti ìrìn tí ẹ ń rìn ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun ló ràn yín lọ́wọ́, ẹ máa mu ún lọ."

Mo kọrin dé ilé. Màmá gbọ́ ìròyìn náà, ó di mọ́ mi, ó jó. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ bá wa jókòó, ó fa ọ̀pá irin lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀, a bú sẹ́rìn-ín. Màmá gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Argentina. Nínú gbogbo ohun tó sọ, "Nàìjíríà" nìkan ló yé mi. Ó gbé fóònù sí mi létí: odindi ilé kan, lókè òkun, ló ń pàtẹ́wọ́ fún mi.